Páwà páàkì 31 kú nínú 600, ẹni tó tà á sọ pé kò sóhun tó ṣe 18 nínú wọn: kí ni ká ṣe?

Atokọ̀ǹpútà_Ògo-Olúwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà la ń tò fún àwọn ilé ìwé níbí ní Òṣogbo. A ra páwà páàkì (ẹ̀yà tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) 600 lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó ọjà wọlé ní Èkó: páálí 30, ogún-ogún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí tábìlì tí a ti ń tò ó, 31 kọ̀, wọn kò tan. A kó wọn sínú àpò méjì, a fi mọ́tò ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹwàá ló tó fèsì: ó gba 13, ó dá 18 padà, ó ní òun dán wọn wò, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Láàárín ìgbà náà, àwọn ilé ìwé ti dá 9 mìíràn padà. Ẹ jọ̀wọ́, báwo la ṣe ń gbé irú ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ tí ẹni tó tajà kò fi ní rí ibi yẹ̀ ẹ́ sí? A ṣì fẹ́ máa bá a rajà, nítorí náà a kò wá ìjà.

Onímítà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ẹ tó pe ẹni yẹn padà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe àwọn 18 yẹn ná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ta páwà páàkì, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà dán an wò: wọ́n á fi wáyà kékeré so ihò kẹrìndínlógún, èyí tó ní wáyà aláwọ̀ ewé, lẹ́nu ọlọ́mọ 24 (ẹnu wáyà oníhò 24 tó ń wọ mọ́dábọ́ọ̀dù, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà), mọ́ wáyà dúdú kan. Bí fáànù bá ti yí, wọ́n á ní ó dáa. Fáànù tó yí kò sọ ju pé iná 12 fóòtì wà níbẹ̀ lọ. Kò ru ẹrù kankan, kò sì tíì gbóná.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Ẹ so ó mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù tí ẹ ti mọ̀ pé ó dáa, kí háàdì dísìkì àti fáànù wà lórí rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà náà máa ṣiṣẹ́ kárakára fún wákàtí méjì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ki ẹnu mítà bọ ẹ̀yìn ihò wáyà. Ìlànà ATX, tí wọ́n fi ń ṣe páwà páàkì, fàyè gba ìdá 5 nínú 100 sókè tàbí sísàlẹ̀: wáyà yẹ́lò gbọ́dọ̀ wà láàárín 11.40 àti 12.60 fóòtì, pupa láàárín 4.75 àti 5.25, aláwọ̀ ọsàn láàárín 3.14 àti 3.47. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá kà ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún kọ ọ́ ní wákàtí méjì. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 12.1 tó wá já sí 11.3 lẹ́yìn tó gbóná, àbùkù rẹ̀ ti hàn, àyẹ̀wò ìṣẹ́jú kan kò sì lè rí i láéláé.

Wáyà aláwọ̀ eérú wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló ń sọ fún bọ́ọ̀dù pé iná ti dúró ire. Ó yẹ kó sọ ọ́ láàárín 0.1 sí 0.5 ìṣẹ́jú àáyá lẹ́yìn tí iná bá ti wọlé. Mítà ọwọ́ kò lè ka àsìkò kékeré bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ páwà páàkì wò, tó ní ojú gíláàsì kékeré, máa ń kọ ọ́ jáde níwájú PG (Power Good, ìyẹn “iná ti dáa”). Bí nọ́ńbà yẹn bá kọjá 500, ìyẹn 0.5 ìṣẹ́jú àáyá, ìdí nìyẹn tí fáànù fi ń yí tí kọ̀ǹpútà kò sì ń tan.

Ẹ tún mú tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọlọ́mọ 24 náà, ẹ wo inú ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọn irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ yẹ kí orí wọn dọ́gba bí eyín àgbàdo. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó sá sẹ́yìn, ẹ fi ìka méjì fa wáyà rẹ̀ wẹ́rẹ́: bó bá ń bọ̀, wọn kò tì í dé ibi tí ìkọ́ rẹ̀ ti ń há ní ilé iṣẹ́. Tí ẹ bá tì í mọ́ bọ́ọ̀dù, irin yẹn á sún sẹ́yìn, kò ní kan ti bọ́ọ̀dù. Ẹni tó fi wáyà dán an wò ní Èkó kò ní rí èyí, àfi bó bá ṣe ihò yẹn gan-an ló fọwọ́ kàn.

Ẹ má sì gbàgbé apá tiyín. Bí iná ìlú bá wálẹ̀ dé 160 fóòtì, páwà páàkì tí wọ́n kọ 200–240 sí lára lè kọ̀ láti tan, kò sì sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn ẹni tó ṣe é. Ẹ kọ iye iná tó ń wọlé sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ní bọ́tìnì pupa 115/230 lẹ́yìn ńkọ́? Èyí tó bá wà ní 115 tí ẹ fi iná wa sí, yóò bú gbàù ni. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ń gbà padà.

Ìyá_Sítọ́ọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀gá Ògo-Olúwa, inú àpò yẹn ni ẹ ti kọ́kọ́ sọ ẹjọ́ yín nù. Páwà páàkì 31 nínú àpò, láti Òṣogbo dé Èkó, lórí ọ̀nà Gbọ̀ngán sí Ìbàdàn, tí àwọn èrò sì gbé ẹrù mìíràn lé e lórí: bí èyí tó dáa bá wà níbẹ̀, yóò dé tòun ti àbùkù. Abẹ́ fáànù á ṣẹ́, wáyà á lọ́ mọ́ra. Ẹni tó tajà á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, kò sì ní purọ́.

Ẹ padà sídìí bí ọjà ṣe ń wọlé. Ọjọ́ tí páálí bá dé, kí ẹnì kan ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ àti téèpù orí rẹ̀ kó tó fi ọ̀bẹ kàn án. Kí ẹ kọ nọ́ńbà ara ẹrù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, tòun ti nọ́ńbà páálí tó ti wá. Àpótí kékeré àti náílọ̀ọ̀nù tó wọ̀, ẹ tọ́jú ìdá 5 nínú 100 wọn, nítorí inú rẹ̀ ni ẹ máa dá ọjà padà sí.

Èyí tó bá kọ̀ lórí tábìlì kò gbọ́dọ̀ padà sórí pẹpẹ ọjà tuntun kódà fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ lẹ bébà pupa mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí bébà náà máa sọ: nọ́ńbà ara rẹ̀, nọ́ńbà páálí, ọjọ́, ẹni tó dán an wò, bọ́ọ̀dù wo ni wọ́n fi dán an, iye iná tó ń wọlé, àti ohun tí ojú rí. Ẹ má kọ “ó bàjẹ́”. Ẹ kọ “fáànù yí, bọ́ọ̀dù kò tan, PG 620, iná ìlú 222”. Pẹpẹ tó ní kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kó gbé e, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Níbi tí bébà pupa kò sí, àwọn ọmọ iṣẹ́ á mú èyí tó kú sínú kọ̀ǹpútà ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á sì lo ọ̀sán kan tọ̀ọ́ máa wá ẹ̀bi lára mọ́dábọ́ọ̀dù.

Ayẹjàwò

Ọ̀rọ̀ Ìyá Sítọ́ọ̀ dára. Ohun kan ló kù tí kò tíì sẹ́ni tó béèrè: ibo ni àwọn 31 náà ti wá? Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì ara wọn, nọ́ńbà mẹ́rin kan máa ń wà níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọdún, méjì tó kẹ́yìn ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. 2431 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n ọdún 2024. Ẹ kà wọ́n fún wa.

Atokọ̀ǹpútà_Ògo-Olúwa

A ti kà wọ́n, ọ̀gá. Páálí 8, ìyẹn 160, ni 2431. Páálí 22 tó kù, 440, jẹ́ 2433 àti 2434. Nínú 31 tó kú lórí tábìlì, 26 jẹ́ 2431. Nínú 9 tí ilé ìwé dá padà, 8 jẹ́ 2431. Èmi gan-an kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló rí títí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Ayẹjàwò

Ẹjọ́ yín ti yàtọ̀ pátápátá báyìí. 26 nínú 160 jẹ́ ìdá 16 àti díẹ̀ nínú 100. 5 nínú 440 kò ju ìdá 1 àti díẹ̀ lọ. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ohun tí ojú ń rí lára ọjà olówó pọ́ọ́kú ni. Èyí tó ṣáájú kò wọ́pọ̀ rárá: nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹ dákẹ́ jíjà lórí “31 tó kú”, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ “ọ̀wọ́ 2431” kalẹ̀. Èèyàn lè jiyàn lórí páwà páàkì kan títí ilẹ̀ á fi ṣú, àmọ́ kò rọrùn láti jiyàn pẹ̀lú ọ̀wọ́ kan tó kú ní ìlọ́po mẹ́rìnlá èkejì rẹ̀.

Mélòó ló kù ní sítọ́ọ̀ nínú 160 náà, mélòó ló sì ti lọ sí ilé ìwé?

Atokọ̀ǹpútà_Ògo-Olúwa

90 ti lọ, 8 nínú wọn ti padà. 44 wà nílẹ̀, a kò tíì tú àpótí kékeré wọn.

Ayẹjàwò

Ẹ má tú u mọ́. Ẹ lẹ bébà pupa mọ́ gbogbo 44 náà lónìí. 82 tó wà ní ilé ìwé, ẹ kọ orúkọ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan àti iye tó wà níbẹ̀, kí ẹ pe àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà wọn kí wọ́n tó pè yín. Ìgbésẹ̀ yìí, dídá ìpalára dúró kí a tó mọ ìdí rẹ̀, ni ìgbésẹ̀ kẹta nínú ọ̀nà mẹ́jọ tí ilé iṣẹ́ mọ́tò Ford kọ sílẹ̀ ní 1987, tí àwọn ilé iṣẹ́ ń pè ní 8D. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò ó lọ síbi “ta ló jẹ̀bi”, àwọn tó kú á sì máa pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ ńlá kan hàn yín. Ní January 2011, Intel kéde pé ṣíìpù kan tó ń bá pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) wọn, Sandy Bridge, rìn ní àbùkù: ojú ihò háàdì dísìkì 2 sí 5 ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ihò 0 àti 1 kò sì níṣòro. Lọ́jọ́ tó jáde nínú páálí, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pé. Ẹni tó bá dán an wò á ní kò sóhun tó ṣe é. Síbẹ̀ wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni dúró dìgbà tí tirẹ̀ bá kú. Wọ́n dá ọjà dúró, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láti irú B2 sí B3, wọ́n sì fojú bù ú pé owó tó máa bá a lọ tó 700 mílíọ̀nù dọ́là. Ibi tí “ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mi” ti kùnà nìyẹn.

Nígbà tó bá di ọjà tó ń bọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á. Tábìlì ISO 2859-1, ìlànà àgbáyé fún yíyẹ ọjà wò, ìpele kejì, sọ pé nínú ọjà 501 sí 1200, mú 80. Bí ẹ bá fi AQL (ìwọ̀n àbùkù tí ẹ lè fara mọ́) 1.0 ṣe àdéhùn, 2 tó kú, ẹ gbà á. Bó bá di 3, ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ mú 3 nínú páálí 20, 2 nínú páálí 10, kí ó lè kárí. Ọjà yín yìí, nínú 80 ẹ ò bá ti rí bíi 4.

Akójàwá_Ìkẹjà

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ apá ti àwa tó ń tajà, kí ẹ̀gbọ́n wa lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń há.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ ká kọ ọjà tí wọ́n dá padà. Èkíní, nọ́ńbà ara rẹ̀ kò sí nínú ìwé wa, ìyẹn ni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ti rà á. Èkejì, wọ́n ti já síìlì ojú ìdè rẹ̀, wọ́n ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, kò sí àlàyé: 31 nínú àpò, kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀. Ọmọ tó wà lórí tábìlì wa á fi wáyà dán an, fáànù á yí, á dá a padà. Ẹ̀bi wa ni, mi ò sẹ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé àwa náà ní ibi tí a ń dá a padà sí. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní Ṣáínà kì í sábà gba páwà páàkì padà, nítorí owó ọkọ̀ ojú omi ju iye rẹ̀ lọ. Wọ́n á ní ká fi fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì àti ìwé àyẹ̀wò ránṣẹ́, ká sì gé wáyà rẹ̀ lójú fídíò kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn. Wọ́n á wá fi iye yẹn kún kọ̀ǹténà tó ń bọ̀, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó. Nítorí náà, ìwé tí ẹ bá kọ dáadáa ní Òṣogbo, òun gan-an ni mo máa tì sí wọn lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá kọ̀wé fún mi ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́. Ẹ má ṣe gé wáyà kankan fúnra yín o, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ gé e.

Bí ẹ bá sì ń dúnàádúrà lórí ọjà tuntun, ẹ má tẹnu mọ́ owó nìkan. Ẹ ní kó fi àfikún 2 nínú 100 sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú 600, 12 nìyẹn, yóò wà nínú sítọ́ọ̀ yín, ẹ ò sì ní dá iṣẹ́ dúró títí òmíràn á fi dé láti Èkó. Ó rọrùn fún wa láti bá ilé iṣẹ́ sọ ọ́ ju kí a máa gba ọ̀kọ̀ọ̀kan padà.

Onímítà

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n Ìkẹjà. Lórí 44 tó wà nílẹ̀, èrò mi yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Ayẹjàwò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú 5 níbẹ̀, kí wọ́n sì fi wọ́n ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rìnlélógún. Bí 5 yẹn bá yè, wọ́n lè lo ìyókù.

Ayẹjàwò

Rárá, àbúrò. Bí ìdá 16 bá ń kú, ó lé ní ìdá 40 nínú 100 tó ṣeé ṣe kí 5 tí ẹ mú jẹ́ èyí tó dáa gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná lórí bọ́ọ̀dù, ṣe àríkọ́gbọ́n: láti nǹkan bí 1999 sí 2007, omi inú kapásítọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ kan kò dára, orí wọn ń wú, wọ́n ń jò. Èyí tó pọ̀ nínú wọn kò kú ní wákàtí mẹ́rìnlélógún, lẹ́yìn oṣù ló kú. Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ ní 2005 lórí mọ́dábọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà OptiPlex wọn nítorí rẹ̀. Bí inú ọ̀wọ́ 2431 bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìwé ni yóò máa bá yín dán an wò. Kí 44 padà tòun ti páálí rẹ̀.

Onímítà

Mo gbà. Mi ò ro ti ìṣirò yẹn.

Amòfin_Òkèfìà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un ní ṣókí. Òfin títa ọjà tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ní 1893, tí Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ sì ṣe tirẹ̀ láti inú rẹ̀, fún ẹni tó rajà láǹfààní àtiyẹ̀ ẹ́ wò kó tó di pé ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá gbé e pamọ́ ju ìgbà tó yẹ lọ láìsọ pé òun kọ̀ ọ́, tàbí tó ṣe ohun tí ẹni tó ni nǹkan nìkan ń ṣe sí i, òfin á ní ó ti gbà á nìyẹn. Òfin kò dárúkọ iye ọjọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn fúnra yín: ọjọ́ 14 fún àyẹ̀wò ìgbàwọlé, oṣù 12 fún èyí tó bá kú lẹ́nu iṣẹ́.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ẹ bá ti yẹ ọjà wò, ẹ ò lè ké lórí àbùkù tó yẹ kí àyẹ̀wò yẹn fi hàn. Àbùkù tó fara pamọ́, tó ń dúró dìgbà tó bá gbóná, kò sí nínú ìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìwé àyẹ̀wò yín sọ ohun tí ẹ yẹ̀ wò gan-an àti ohun tí ẹ kò yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ orí WhatsApp lè jẹ́ ẹ̀rí. Òfin Ẹ̀rí 2011, abala 84, ló sọ bí ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde ṣe ń wọlé sí kóòtù, pẹ̀lú ìwé tó jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà kan tó ní ọjọ́, kí ẹ jẹ́ kó buwọ́ lù ú pé òun rí i gbà.

Ọmọ_Àlékúwodò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti RAM, háàdì dísìkì àti bátìrì láptọ́ọ̀pù?

Onímítà

Ó yàtọ̀ díẹ̀, àbúrò.

RAM: lo MemTest86, ètò tó ń yẹ RAM wò, yíyípo mẹ́rin, kí o tó sọ pé ó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, yọ ọ́, fi èyí tó dáa sí ihò kan náà, kí o tún dá èyí tí o ń fura sí padà. Bí àṣìṣe bá lọ, tó tún padà wá pẹ̀lú rẹ̀, òun ni. Bí àṣìṣe bá dúró sí ihò, bọ́ọ̀dù ni. Lásìkò ọyẹ́, ẹ má fọwọ́ lásán mú un: iná tó ń bẹ lára èèyàn, ara kì í mọ̀ ọ́n títí á fi tó bíi 3000 fóòtì, àwọn ṣíìpù mìíràn sì wà tí kò nílò tó 100 láti bàjẹ́. Okùn ọwọ́ tó ní rẹ́sítọ̀ mílíọ̀nù kan ohm kò wọ́n.

Háàdì dísìkì: ka SMART rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí dísìkì ń ṣe nípa ìlera ara rẹ̀. Nọ́ńbà 5, 197 àti 198 bá ń gòkè, ojú dísìkì ló ń kú, dá a padà. Bó bá jẹ́ 199 nìkan ló ń gòkè, pààrọ̀ wáyà dátà ná, ọ̀pọ̀ ìgbà wáyà ni. Nọ́ńbà 9 ni wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Tuntun tó bá ní wákàtí 9000 lára kì í ṣe tuntun, ya fọ́tò ojú yẹn kí o tó ṣe ohunkóhun.

Mọ́dábọ́ọ̀dù: má sọ ìdérí ike tó bo ojú ihò pírósẹ́sọ̀ nù. Bí o bá dá a padà láìsí i, tí irin kan sì tẹ̀ lọ́nà, ìwọ lo ni ẹ̀bi.

Ìyá_Sítọ́ọ̀

Bátìrì, ọmọ mi, má fi wé ìyókù. Èyí tó bá ti wú tàbí tó gbóná láìsí lórí iná, má fi sínú páálí pẹ̀lú ọjà mìíràn, má sì gbé e fún awakọ̀ láìsọ fún un. Inú garawa irin tó ní iyanrìn gbígbẹ ló yẹ kó wà, níta. Ọkọ̀ òfuurufú kò gba bátìrì lítíọ̀mù tó ti bàjẹ́ rárá, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè ní kí o fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e ránṣẹ́ sí òkèèrè. Fọ́tò, nọ́ńbà, ìwé, kí ẹni tó tà á sì pààrọ̀ rẹ̀. Ní August 2006, Dell pe bátìrì 4.1 mílíọ̀nù padà, Sony ló ṣe inú wọn, nítorí pé irin wẹ́wẹ́ kan bọ́ sínú rẹ̀. Irin tí ojú kò rí ló dá iná yẹn.

Atokọ̀ǹpútà_Ògo-Olúwa

Ẹ kú àdúrótì. A ti yẹ àwọn 18 náà wò bí Onímítà ṣe wí, pẹ̀lú sìtébílásà, iná 220. 11 nínú wọn, yẹ́lò já wálẹ̀ kọjá 11.40 kó tó pé wákàtí kan, tàbí kí PG kọjá 500. 4, irin kan sá sẹ́yìn nínú ẹnu ọlọ́mọ 24, ihò kan náà ni nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. 3 tó kù, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ìwé wa fi hàn pé ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dán wọn, ó dájú pé iná ìlú ló lọlẹ̀. A ti gba 3 yẹn padà, a sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó tajà.

Ohun tí a kọ sí i: ìwé àyẹ̀wò 15, fọ́tò irin 4 yẹn, 44 tó máa padà nínú páálí rẹ̀, 8 tó ti ilé ìwé wá. Fún 82 tó wà níta, a ní kó fi 20 sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Òṣogbo, kí a máa pààrọ̀ bó bá ṣe ń kú, oṣù 12. Ó pe mi láàárọ̀ yìí. Irin tó sá sẹ́yìn ní ihò kan náà ni ó ń béèrè lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́.

Ìyá_Sítọ́ọ̀

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà tí 20 náà bá dé, ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé ọ̀tọ̀ kó tó di pé ẹ lo ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà èyí tó kú síwájú nọ́ńbà èyí tó rọ́pò rẹ̀. Ẹ wo ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é lára lébẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí 2431, ẹ má tú u.